Ojú ẹ̀gbọ́n mi ń yà sí òsì, wọ́n ní kókó wà ní oríkèé àgbọ̀n ọ̀tún. Ẹ bá mi dá sí i

ỌmọÒkèBaálẹ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, télọ̀ ni wọ́n, ọmọ ọdún 39, ọ̀nà Ìgbọnà níbí ní Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tí wọ́n ti ń sọ pé eyín àwọn ò pàdé mọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé wọn ò lè fi eyín gé òwú mọ́. Ẹ ṣáà mọ àwọn télọ̀, wọn kì í wá àlùmágàjí nítorí òwú lásán, eyín ni wọ́n fi ń já a, ó wá di pé tí wọ́n bá fi òwú sẹ́nu báyìí ńṣe ló máa ń yọ̀ bọ́ láàárín eyín. A fi ṣe ẹ̀rín nígbà yẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ní màdáámù ti ń darúgbó.

Nígbà tó yá, àgbọ̀n wọn wá ń yà sí apá òsì. Díẹ̀díẹ̀ ni o, àwa tí à ń rí wọn lójoojúmọ́ ò tiẹ̀ fura, kọ́sítọ́mà kan tó ti Èkó dé lẹ́yìn ọdún méjì ló pariwo pé kí ló ṣe wọ́n lójú. A wá gbé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wọn ti 2017 jáde, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wọn, ará ilé, ẹ̀rù bà mí. Àwọn kan ní ẹ̀gbà ló fẹ́ mú wọn. Àǹtí ìyá wa kan ní wọ́n gbá wọn létí lójú oorun (ẹ ṣáà bá wa fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀). A lọ sọ́dọ̀ eléyín kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, wọ́n yọ eyín tó kẹ́yìn pátápátá lápá òsì, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin wọ́n tún yọ ìkejì ẹ̀, owó lọ, eyín lọ, àgbọ̀n ò kúrò níbi tó wà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la wá bá dókítà kan pàdé tó kàn ní kí wọ́n ya ẹnu, kí wọ́n pa á dé, ó wá fi ìka tẹ iwájú etí wọn ọ̀tún, ó ní kí wọ́n lọ ya ẹ̀síréè tó máa ń yí orí èèyàn ká yẹn, OPG. Nígbà tó gbé e sí iná ó fi hàn wá: lápá òsì, orí egungun àgbọ̀n dán, ó rí roboto, lápá ọ̀tún nǹkan kan hù jáde lára ẹ̀ bí olú ṣe ń hù lára igi tó ti ń jẹrà. Ó ní kókó ni, ó ní kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́, kí a lọ ṣe síkáànù CT àti MRI ká tó wá jókòó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀: ṣé jẹjẹrẹ ni? Kí ló dé tí kókó fi wà lọ́tùn-ún tójú ń yà sósì? Kí ni síkáànù méjì tún wà fún nígbà tí ẹ̀síréè ti gbé e jáde? Wọ́n ní iwájú etí ni wọ́n máa là, látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ yẹn ni wọ́n ti ń sunkún pé ojú àwọn máa rọ. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ dákun ẹ sọ̀rọ̀.

Adúkẹ́_Aláró

Pẹ̀lẹ́ o àbúrò mi, bá mi kí ẹ̀gbọ́n ẹ, sọ fún un pé ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá ló ń kọ̀wé yìí o.

Oríkèé yẹn náà ni tèmi ṣe, àmọ́ nǹkan tó ṣe é yàtọ̀. Tèmi, àgbọ̀n ò yà. Iwájú etí òsì ló máa ń wú, á wú lónìí á rọlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí mo bá ń jẹun mo máa ń gbọ́ ọ gbá-gbá-gbá nínú etí mi bí ẹni ń rún ìyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu, ẹnu ò wá yà dáadáa mọ́, ìka kan àtààbọ̀ ló ń wọlé. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń kán oògùn sí mi létí o! Etí tí ò ṣe nǹkan kan. Ẹni ọ̀wọ̀ kan tiẹ̀ ní aró tí mò ń pa ló fà á, pé èéfín ìkòkò aró ló wọ̀ mí lára, bí ẹni pé kì í ṣe iṣẹ́ ìyá mi àti ìyá ìyá mi ni.

MRI ló tú u fó. Wọ́n ní awọ tó bo inú oríkèé ló ń bí eegun rírọ̀ kéékèèké, irú eegun rírọ̀ tó wà létí àti nímú, wọ́n á já, wọ́n á wá máa rìn káàkiri inú oríkèé. Synovial chondromatosis lorúkọ ẹ̀, mo há a sórí torí mo máa ń fi yangàn. Wọ́n ní orúnkún ló máa ń bá jà jù, tàgbọ̀n ṣọ̀wọ́n, àwa obìnrin tí a ti ń di àgbà díẹ̀ ló sì ń mú jù. Ìbàdàn ni mo ti ṣe é. Wọ́n là mí níwájú etí, wọ́n kó àwọn nǹkan náà jáde, wọ́n tún bó awọ tó ń bí wọn kúrò kó má baà tún bí òmíràn. Nígbà tí mo jí wọ́n gbé e hàn mí nínú ìgò, funfun, ó ń dán, àfi bíi ìrẹsì tí wọ́n ti rẹ sómi, mo kà á mo ka mọ́kàndínlógún kó tó rẹ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ pé ojú á rọ, mi ò ní tàn yín. Nígbà tí mo jí, ìpéǹpéjú òsì ò dé dáadáa, ìrun ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn ò sì gbéra sókè, wọ́n fún mi ní oògùn kíkán sójú àti bándéèjì kí n máa fi bo ojú sùn. Mo sunkún tó. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ó ti padà sípò. Àpá ẹ̀ dà báyìí? Inú ìlà tí etí fi kan ojú ló wà, àfi tí mo bá fi hàn ẹ́.

Bàbá_Gbogboǹṣe

Ẹ yé kó ìpáyà bá ara yín. Kókó kókó, kókó wo ni kò gbọ́ àgùnmu? Ẹ wá sí ìnbọ́ọ̀sì mi.

Adúkẹ́_Aláró

Bàbá, mo ti lá àgùnmu, mo ti fi òrí pa á títí awọ ojú mi fi bó. Nǹkan tó wà nínú oríkèé yẹn ò gbọ́ èdè wa o jàre.

Akẹ́yìn_Eyín

Ẹ kú àlàyé gbogbo yín. Dókítà eyín ni mí, mo kàwé ní Ifẹ̀, mo ti bá wọn dúró nínú tíátà nígbà tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, àmọ́ èmi kọ́ ni dókítà ẹ̀gbọ́n yín o, dókítà tó tẹ iwájú etí wọn yẹn, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín, ó mọ nǹkan tó ń ṣe.

Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti òsì àti ọ̀tún torí òun ló ń da gbogbo èèyàn lọ́kàn rú, òun náà sì ló jẹ́ kí wọ́n yọ eyín tí ò ṣẹ̀. Ẹ fi ìka yín síwájú etí kẹ́ ẹ ya ẹnu. Nǹkan tó ń sún lábẹ́ ìka yín yẹn, orí egungun àgbọ̀n ni, inú kòtò kan lábẹ́ agbárí ló jókòó sí bí ọmọ odó ṣe ń jókòó sínú odó, nǹkan pẹlẹbẹ kan wà láàárín wọn tí ò jẹ́ kí eegun fi ara họ eegun. Méjì ni, ọ̀tún àti òsì, egungun àgbọ̀n kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì jọ gbé. Tí èèyàn méjì bá jọ ru igi lé èjìká, tí ẹni apá ọ̀tún bá wá ń ga sí i lójoojúmọ́, kí lẹ rò pó máa ṣẹlẹ̀? Igi á fì, ẹrù á máa yọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni òsì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Kókó ọ̀tún ń ti àgbọ̀n sísàlẹ̀ ó sì ń tì í sódìkejì. Ẹ ní kí wọ́n géyín pọ̀, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ẹ̀yìn eyín lápá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí àlàfo níbẹ̀ tí tòkè àti tìsàlẹ̀ ò ti kan ara wọn, nígbà tí tòsì ń gún ara wọn lódì. Eyín tó ń gún ara wọn yẹn náà ló máa ń dun aláìsàn, ẹni tó bá wo eyín nìkan á yọ ọ́. Mi ò bú ẹnikẹ́ni, èmi náà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó ṣeé ṣe kí n yọ ọ́.

Ti ẹ̀gbà: ẹni tí ẹ̀gbà bá mú lójú, ẹran ojú ló rọ, ẹnu á wọ́ lọ sápá tó ṣì lágbára, àmọ́ egungun àgbọ̀n wà níbi tó wà, tó bá géyín pọ̀ eyín á pàdé. Ti ẹ̀gbọ́n yín, eegun ló sún. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó kan jẹjẹrẹ. Èyí tó rí bí olú tó hù jáde lára eegun, tó fi ọdún mẹ́rin dàgbà, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni, osteochondroma ni gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń rò, òun ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lórí egungun yìí, eegun ni, fìlà eegun rírọ̀ ló dé sórí. Orúnkún àwọn ọ̀dọ́ la ti sábà máa ń rí i, oríkèé àgbọ̀n kì í ṣe ilé ẹ̀. Kó di jẹjẹrẹ ṣọ̀wọ́n gan-an. Àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ń gbé níbẹ̀. Orí eegun fúnra ẹ̀ lè máa dàgbà lódindi láìsí kókó kankan. Ti Àǹtí Aláró wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní PVNS tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ padà sí tenosynovial giant cell tumour, kì í ṣe jẹjẹrẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwà ipá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó lè jẹ agbárí lu, tí wọ́n bá sì ṣẹ́ díẹ̀ kù á tún padà wá. Jẹjẹrẹ gidi tó bẹ̀rẹ̀ látinú eegun wà, chondrosarcoma àti osteosarcoma, bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ọmú, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín tàbí prostate lè gbéra láti ibùdó ẹ̀ wá jókòó síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà á fi máa béèrè pé ṣé ẹ ní kókó lọ́mú, ṣé ẹ ti ń rù, kí inú má bí ẹ̀gbọ́n yín pé kí ló kan ọmú pẹ̀lú àgbọ̀n. (Ameloblastoma táwọn èèyàn wa mọ̀ dáadáa, tó máa ń wú àgbọ̀n tìmùtìmù yẹn, inú egungun tí eyín dúró sí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀tọ̀.)

OPG tẹ́ ẹ yà, àwòrán pẹlẹbẹ ni. CT á gé orí wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì, wọ́n á rí ibi tí ìdí olú yẹn ti hù, wọ́n á rí òrùlé kòtò tó jókòó sí. Òrùlé yẹn fẹ́lẹ́, ọpọlọ ló sì wà lókè ẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi abẹ́ wá a kiri. MRI ló ń fi ẹran, omi, iṣan àti nǹkan pẹlẹbẹ àárín yẹn hàn. PVNS, dúdú ló máa ń yọ nínú MRI torí irin inú ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ tó ti ṣẹ́ síbẹ̀. Tí CT àti MRI bá gbà pé osteochondroma ni, wọ́n lè lọ tààrà sí iṣẹ́ abẹ kí wọ́n wá gbé ohun tí wọ́n bá gé lọ fún ẹni tó ń wo ẹran lábẹ́ máíkírósíkópù. Tó bá mú ìfura dání, wọ́n á kọ́kọ́ mú bíńtín nínú ẹ̀ lọ yẹ̀wò, torí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ò jọ ti kókó, jẹjẹrẹ wọ́n gbọ́dọ̀ gé e pẹ̀lú ẹran tó dáa tó yí i ká, ìtànṣán lè tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá là á láìmọ orúkọ ẹ̀, ó lè dá wọn padà sórí tébù lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà kejì sì le ju tàkọ́kọ́ lọ.

Iṣẹ́ abẹ fúnra ẹ̀: iwájú etí ni. Iṣan tó ń mú ojú ṣẹ́jú, tó ń gbé ìrun ojú sókè, ibẹ̀ náà ló gbà kọjá, dókítà tó mọ̀ ọ́n á wá a rí á sì rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó lè rẹ̀ ẹ́ nítorí fífà, ó sábà máa ń padà láàárín oṣù díẹ̀ bí ti àǹtí wa. Kó kú pátápátá lè ṣẹlẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa ṣe é, ẹ má tijú. Nígbà mìíràn wọ́n á gé olú yẹn nìkan, wọ́n á gbẹ́ ìyókù kó rí bí orí eegun. Nígbà mìíràn gbogbo orí eegun á lọ, wọ́n á wá mú egungun ìhà aláìsàn fúnra ẹ̀ pẹ̀lú eegun rírọ̀ orí ẹ̀ fi dípò, tàbí kí wọ́n fi oríkèé àtọwọ́dá sí i, ìyẹn náà wà, owó ẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Tí àgbọ̀n bá ti yà jù, wọ́n lè ní láti gé egungun àgbọ̀n kí wọ́n tò ó padà kí eyín lè pàdé, wáyà eyín lè tẹ̀ lé e fún oṣù gbọọrọ. Osteochondroma tí wọ́n bá gé dáadáa kì í sábà padà.

Ẹni tẹ́ ẹ ń wá ni maxillofacial surgeon, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú àti àgbọ̀n. Láti Òṣogbo, Ifẹ̀ ló sún mọ́ yín, ilé ìwòsàn eyín wà nínú OAUTHC, ilé ìwòsàn yunifásítì Ifẹ̀, Ìbàdàn ló tẹ̀ lé e.

ỌmọÒkèBaálẹ̀

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n Aláró, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí wọn. A fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, àlàfo wà lápá ọ̀tún lóòótọ́! Ìka ọmọdé lè wọ̀ ọ́. Ahọ́n wọn ló ti ń dí i látọjọ́ yìí, wọn ò mọ̀.

Wọ́n ní kí n béèrè méjì. Àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọdún Ọ̀ṣun ti kún ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ẹbí méjì wà nílẹ̀ tí wọ́n ti gba owó ẹ̀, ṣé wọ́n lè dúró di ẹ̀yìn oṣù kẹjọ? Ìkejì, dókítà tún dárúkọ "bone scan", ó ní tí CT ò bá yé òun. Kí nìyẹn tún ni?

Akẹ́yìn_Eyín

Síkáànù ni kí wọ́n má sún síwájú. Tí síkáànù bá ti sọ pé nǹkan tó ń dàgbà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, oṣù kan méjì fún aṣọ ẹbí ò burú. Ṣùgbọ́n tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú kíákíá, tí ètè tàbí àgbọ̀n bá ń kú tìpìtì, tí wọn ò gbọ́ràn dáadáa ní etí yẹn, tí ojú bá ń rọ fúnra ẹ̀ láìtíì là á, tàbí tí ìrora ń jí wọn lóru, aṣọ ẹbí á dúró.

Bone scan: wọ́n á gún abẹ́rẹ́ oògùn kan tí ìtànṣán díẹ̀ wà nínú ẹ̀, technetium, ibi tí eegun bá ti ń dàgbà lọ́wọ́ ló máa ń lọ kó ara jọ sí. Tó bá jẹ́ pé orí eegun ló kàn ń ga láìsí kókó, ó wúlò láti mọ̀ bóyá ó ti dúró tàbí ó ṣì ń lọ, torí èyí tó ti dúró, wọ́n lè fi oríkèé sílẹ̀ kí wọ́n tún àgbọ̀n tò nìkan. Kò dá kókó mọ̀ yàtọ̀ sí àìsàn míì fúnra ẹ̀ o, ibi tí iná ń jó ló ń fi hàn, kì í sọ ẹni tó dá a.

Ẹlẹ́rọ_Síkáànù

Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un kíákíá, ibi síkáànù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ MRI kí wọ́n yọ yẹtí, ìlẹ̀kẹ̀ tó ní irin, píìnì ìborùn, àti abẹ́rẹ́ o, mo mọ àwọn télọ̀, abẹ́rẹ́ máa ń wà láyà aṣọ wọn tí wọn ò ní rántí. Tí irin bá wà lára láti ibi iṣẹ́ abẹ àtijọ́, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ariwo ẹ̀ pọ̀, kò dunni. Ẹ rí i pé ìwé tí dókítà kọ sọ pé oríkèé àgbọ̀n ni, kí wọ́n yà á nígbà tí ẹnu wà ní pípadé àti nígbà tí ẹnu bá yà, torí tó bá kọ "orí" lásán, ọpọlọ ni wọ́n máa yà fún yín, owó á sì ti lọ.

Adúkẹ́_Aláró

Ẹ̀yin oníwèé ti parí tiyín, ó ku nǹkan tí wọn kì í sọ.

Tí ẹnu wọn ò bá yà dáadáa kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó máa pa wọ́n lóorun ṣáájú. Tèmi, nígbà tí ẹnu ò yà, imú ni wọ́n gbà ti ọ̀pá èémí wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà tín-ín-rín, mo ṣì lajú díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n ti fọ́n oògùn sí i kó má dun mí, àmọ́ ká ní wọn ò sọ fún mi ṣáájú ni, mo máa rò pé wọ́n fẹ́ pa mí ni.

Lẹ́yìn ẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni yíya ẹnu. Á dunni ṣùgbọ́n ẹ yà á. Igi áísíkírììmù pẹlẹbẹ yẹn ni wọ́n kó fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́jọ láàárín eyín, lọ́sẹ̀ méjì méjì mo ń fi ọ̀kan kún un, títí ìka mẹ́ta fi wọlé, wọ́n ní ìka mẹ́ta ni ẹnu ẹni tí ara ẹ̀ dá. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ nítorí ìrora, oríkèé á gan, á di ẹjọ́ tuntun. Oúnjẹ mi nígbà yẹn, ẹ̀kọ mímu, mọ́ínmọ́ín, àmàlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú ewédú. Ẹran? Oṣù mẹ́ta. Mo máa ń jókòó tì í níbi ìnáwó mo kàn ń wò ó.

Kó mú ẹnìkan lọ tó máa lè gbọ́ ohun tí dókítà ń sọ, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ gan-an lọ.

ỌmọÒkèBaálẹ̀

A ti gba ọjọ́ CT, Tuesday. Ìwé MRI tí wọ́n fún wa, mo yẹ̀ ẹ́ wò, "orí" ni wọ́n kọ lóòótọ́, mo ti dá a padà, wọ́n ti tún un kọ. Ẹlẹ́rọ, ẹ ṣeun gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n béèrè kan péré lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Aláró kí àwọn tó sùn: tí wọ́n bá ṣe é tán, ṣé àwọn á tún lè fi eyín já òwú?

Adúkẹ́_Aláró

Sọ fún un pé kó ra àlùmágàjí.